Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Owó Lokéṣọ̀n àti Jẹnẹrétọ̀ Wa Tí Wọ́n Gbé Lọ

Láti ọ̀dọ̀ àwọn olóyè ẹgbẹ́ àwa tí a ń ṣe fíìmù nílùú Iléṣà.
Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa àti gbogbo ẹ̀yin káńsẹ́lọ̀.

Alága wa, ẹ̀yin ọlọ́lá,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ ó lo sáà yín já láyọ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí agboolé kan nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí ojú wa ṣàjèjì sí, àti pé àwa là ń gbé orúkọ Iléṣà dé ibi tí mọ́tò kì í dé. Ìdí nìyẹn tó fi dùn wá wọra pé ìta gbangba ní Òkèṣà, lójú àwọn òṣèré àlejò, ni àwọn agbowó-orí káńsù ti gbé jẹnẹrétọ̀ wa lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní a jẹ gbèsè owó tuntun kan, ẹgbẹ̀rún 30 náírà lójúmọ́ fún lokéṣọ̀n kan, ìyẹn ibi kan tí a ti ń ya fíìmù. Ta ló fi tó wa létí? Kò sẹ́ni.

Fíìmù kékeré lè gbà wá ní ọjọ́ 10. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, a lè ya síìnì (ìran eré) nínú ilé, ká bọ́ sójú títì, ká parí rẹ̀ sọ́jà. Lokéṣọ̀n 3 nìyẹn: ẹgbẹ̀rún 90 náírà lójúmọ́, ẹgbẹ̀rún 900 kí iṣẹ́ tó parí. A ò tíì ka owó kámẹ́rà tí a háyà, epo, oúnjẹ èèyàn 30 àti òtẹ́ẹ̀lì àwọn tó ti Ìbàdàn àti Èkó wá. Ọ̀pọ̀ nínú owó yẹn, ọwọ́ olóúnjẹ, ọlọ́kadà, télọ̀ àti onílé tó yá wa ní pálọ̀ rẹ̀ nínú Iléṣà yìí ló ń bọ́ sí.

Ìdádúró ló burú jù. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ la máa ń ya síìnì. A ó kọ́kọ́ ya gbogbo òṣèré pọ̀ láti ọ̀ọ́kán, a ó wá sún mọ́ ojú ẹni kìíní, ká tó yí kámẹ́rà sí ẹnì kejì. Agogo mọ́kànlá àárọ̀ ni àwọn agbowó-orí ká wa mọ́ ẹnu síìnì ìyá àti ọmọ kan. A ti ya ojú ìyá, ó ku ti ọmọ. Nígbà tí àríyànjiyàn fi máa parí, agogo mẹ́ta ọ̀sán ti lù. Bí a bá lẹ ojú méjèèjì pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, òjìji ìyá á kúrú, ti ọmọ á gùn jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú kan náà ni wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀. Kò sí òǹwòran tí kò ní rí i. Àtúnyà ni látìbẹ̀rẹ̀, owó òṣèré ọjọ́ kan sì ti wọlẹ̀.

A ò sọ pé a ò ní sanwó. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni owó kan fún fíìmù kan, ká san án ní káńsù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ìwé àṣẹ tó kọ ọjọ́ àti àdúgbò sílẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, kí agbowó-orí má sì wá sí lokéṣọ̀n mọ́. Kí ìlàjì owó náà wà nínú àpò ọ̀tọ̀ fún iṣẹ́ fíìmù nílùú yìí. Láti 1948 ni Faransé ti ń yọ díẹ̀ lára owó tíkẹ́ẹ̀tì sinimá, tí wọ́n sì ń dá a padà sínú ṣíṣe fíìmù. Ní 2013, ìjọba àpapọ̀ tiwa náà ya bílíọ̀nù 3 náírà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Àwa ò béèrè bílíọ̀nù. Ẹ sọ gbọ̀ngàn ìlú di ilé sinimá: ẹ fi aṣọ dúdú tó nípọn bo fèrèsé rẹ̀, ẹ ta aṣọ funfun sí iwájú, kí fóòmù sì wà lára ògiri, torí sìmẹ́ńtì lásán máa ń dá ohùn padà, ọ̀rọ̀ òṣèré á wá máa dún bí ẹni sọ̀rọ̀ nínú àgbá. Ibẹ̀ ni ará ìlú á ti máa sanwó wo fíìmù wa.



Nígbà tí káńsù nílò fídíò ìpolongo abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọ̀fẹ́ la ṣe é. Jẹnẹrétọ̀ yìí kan náà ló gbé iná rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń sọ ọ́ kíkankíkan pé kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró, kí a sì máa kó kámẹ́rà wa lọ sí Òṣogbo àti Ilé-Ifẹ̀. Àwa olóyè la ń pàrọwà fún wọn. A ò lè ṣèlérí iye ọjọ́ tí wọn yóò fi gbọ́ sí wa lẹ́nu.

Àwọn òṣèré ṣì wà ní òtẹ́ẹ̀lì, owó sì ń gorí owó. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ náà padà sọ́wọ́ wa kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí ẹ sì fún wa lọ́jọ́ tí a lè wá fojú rinjú pẹ̀lú yín.

Àwa ọmọ yín tó ń bọ̀wọ̀ fún yín,
Alága, Akọ̀wé àti Akápò ẹgbẹ́.