Ìkéde: Matmos la máa gbọ́ ní Sátidé

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ní ìpàdé Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, orin Matmos la máa gbọ́. Àwọn méjì ni wọ́n, M. C. Schmidt àti Drew Daniel, Baltimore ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ń gbé. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń to orin, àmọ́ ohun tí wọ́n ń gba ìró rẹ̀ sílẹ̀ ló máa yà yín lẹ́nu. Nínú àwo wọn ti 2001, ìró yàrá iṣẹ́ abẹ ló pọ̀ jù, títí kan ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa ọ̀rá kúrò lára èèyàn. Wọ́n gé àwọn ìró náà wẹ́wẹ́, wọ́n tún wọn tò, ó di orin ijó! Ti 2019, kìkì ìró ike ni.

Èyí tí a máa gbọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin ni Ultimate Care II, ti 2016. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ilé wọn ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀: wọ́n ń lù ú, wọ́n ń fọwọ́ ra á, omi ń ya wọ inú rẹ̀. Orin kan ṣoṣo ni, ó tó ìṣẹ́jú 38. Lójú tèmi, kò sí èyí tó dùn tó o nínú iṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá ní ariwo lásán ni, kó wá jiyàn.

Kí kálukú mú ohun èlò ilé kan tó ń dún wá, a ó gba ìró wọn sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gángan sílẹ̀ nílé.

Akọ̀wé ẹgbẹ́