Kí Lehman tó dojú dé ni ọ̀rọ̀ náírà ti wọ́

Sí Olóòtú,

Mo ka ohun tí ẹ kọ lórí náírà, ọ̀rọ̀ gidi ni, àmọ́ ibi tí ẹ ti mú ìtàn náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ ní ìgbà tí Lehman Brothers, báńkì ńlá kan ní Amẹ́ríkà, dojú dé ní oṣù Kẹsàn-án 2008 ni ìyà náírà bẹ̀rẹ̀. Rárá o. Ní 2006, ohun tí Amẹ́ríkà ń rà lókè òkun ti fi nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 ọrọ̀ ajé wọn ju ohun tí wọ́n ń tà lọ. Ṣáínà ń tà ju bó ṣe ń rà, ó sì ń kó èrè ibẹ̀ padà yá Amẹ́ríkà. Irú owó olówó bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ń yá ẹni tí kò lè san án láti fi ra ilé; gbèsè ilé tí wọn kò rí san yìí ló sì gbé Lehman ṣubú.

Àwa ńkọ́? Epo rọ̀bì nìkan la gbójú lé. Ní oṣù Keje 2008, àgbá kan wọ dọ́là 147. Nígbà tí ìdààmú Amẹ́ríkà yẹn kárí ayé, kí ọdún tó parí, ó ti já sísàlẹ̀ 40; nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ 2009, dọ́là tó jẹ́ nǹkan bíi náírà 117 ti gbéra dé nǹkan bí 150. Sanusi, tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, yọ àwọn ọ̀gá báńkì kan nípò ní 2009, Báńkì Àpapọ̀ sì kó bílíọ̀nù 620 náírà sílẹ̀ láti gba àwọn báńkì là. Ó ṣe dáadáa. Àmọ́ báńkì nìkan la tún ṣe! Nígbà tí owó epo tún wó ní 2014, kò sí ohun mìíràn tí à ń tà sókè òkun tó lè dí àlàfo náà.

Ẹ wá wò ó ní Ìtòkú níbí. Àdìrẹ tí a fi ń yangàn pé ti Ẹ̀gbá ni, aṣọ funfun rẹ̀ láti Ṣáínà ló ti ń wá, aró inú agolo àti sódà tí a ń pò mọ́ ọn náà, òkè òkun ni. Bí dọ́là bá gbéra lówùúrọ̀, ẹni tó ń ta sódà á ti fowó lé e kí aláró tó dáná sábẹ́ ìkòkò. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ lọ́hùn-ún, tó jọ àdìrẹ, tún wà lórí àtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, ó sì pọ́ọ́kú. Èyí ń dùn mí gan-an, nítorí ẹ̀lú tí àwọn ìyá wa fi ń rẹ aró ṣì ń hù nílẹ̀ yìí.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá tún rí àwọn aláṣẹ bá sọ̀rọ̀, ẹ má bi wọ́n ní iye tí dọ́là máa jẹ́ lọ́la. Ẹ bi wọ́n pé ta ni yóò hun aṣọ funfun fún wa nílé, àti ìgbà wo.

Aládìrẹ kan,
Ìtòkú, Abẹ́òkúta.