Lẹ́tà sí Àdùkẹ́, tó fẹ́ já Físíìsì sílẹ̀

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Màmá rẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lálẹ́ àná. Wọ́n ní o ti wọ SS1, o fẹ́ di nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n o kò ṣe Físíìsì mọ́ torí pé tíṣà yín máa ń pariwo. Wọ́n ní kí n bá ọ sọ̀rọ̀. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín, torí èmi náà ti jẹ nínú ọbẹ̀ yẹn rí.

Ní 2008, Economics ni mo fẹ́ kà ní yunifásítì, Ìṣirò sì ń lé mi bíi egúngún tó mú pàṣán dání. Nígbà tí mo lọ forúkọ sílẹ̀ fún JAMB, ọmọkùnrin tó ń bá wa tẹ̀ ẹ́ ní kafé bi mí pé, "Ọmọ kọmáṣíà ni ẹ́, àbí? Economics, Commerce, Government?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Inú mi tilẹ̀ dùn pé kò dárúkọ Ìṣirò. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí a fi parí.

Mo gba 241 nínú 400. Bàbá àgbà rẹ ra mínírà fún gbogbo ayálégbé. Ìgbà tí mo dé ọ́fíìsì yunifásítì ni obìnrin àgbà kan wo ìwé mi, ó wo ojú mi, ó ní, "Ìṣirò dà?" Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Máàkì JAMB kì í sì í di ọdún kejì, nítorí náà mo padà sílé, mò ń bá màmá àgbà wọn gààrí lọ́jà, mo sì ń lọ sí tutorial nírọ̀lẹ́, mò ń kọ́ Ìṣirò tí mo ti ń sá fún láti JSS. (Màmá rẹ ló ń san owó tutorial yẹn. Wọn kò jẹ́ kí bàbá àgbà mọ̀.)

Tìrẹ náà rèé. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, Gẹ̀ẹ́sì, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì ni yóò kọ ní JAMB. Ní WAEC, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn náà ni, pẹ̀lú Ìṣirò, ó sì gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì nínú wọn. Tí o bá já Físíìsì sílẹ̀ ní SS1 yìí, o ti já nọ́ọ̀sì sílẹ̀ nìyẹn, ọdún méjì sí i ni wọn yóò tó sọ fún ọ.

Ní JAMB, ìbéèrè 60 ni Gẹ̀ẹ́sì, 40 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn yòókù. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 180, wákàtí méjì péré sì ni. Mo pín in wò: ìṣẹ́jú-àáyá 40 ló kan ìbéèrè kan. Ìṣirò inú Físíìsì kò lè tán láàárín ìyẹn, nítorí náà ibi tí Báyọ́lọ́jì bá ti rọrùn ni kí o ti máa jí àkókò pamọ́ fún un. Orí kọ̀ǹpútà ni, o sì lè fi bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ṣe gbogbo rẹ̀: A, B, C, D fún ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi ránṣẹ́, R tí o bá yí ọkàn padà níbẹ̀.

Sílábọ́ọ̀sì JAMB wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2023, 2024 àti 2025, oṣù kẹrin ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò náà, nígbà tí ọ̀pọ̀ kíláàsì SS3 kò tíì parí ìwé. Èyí tí tíṣà kò bá tíì dé, ìwọ ni wàá fúnra rẹ kà á.

Tó bá jẹ́ pé Físíìsì gan-an ni o kò fẹ́, sọ fún mi, a ó jọ wá iṣẹ́ mìíràn. N kò ní bínú. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ariwo tíṣà ni, wá sọ́dọ̀ mi nísinmi Kérésì. Gbé ìwé Físíìsì yẹn dání, èyí tí màmá rẹ ní o fi ń gbé ìkòkò kalẹ̀.

Èmi ni,
Àǹtí rẹ.