Àbúrò mi, má tíì dìde lọ́dọ̀ dókítà

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo rí èsì àyẹ̀wò tí o fi ránṣẹ́. Wọ́n ní adenomyosis ni. Ó dára bẹ́ẹ̀, ó kéré tán ẹnu àwọn tó ń sọ pé o kàn ń kẹ́ ara rẹ lákẹ̀ẹ́jù á wọhò. Láti 1860 ni dókítà ará Austria kan, Carl von Rokitansky, ti ṣàpèjúwe àìsàn yìí, síbẹ̀ títí dòní wọ́n ṣì ń sọ fún obìnrin tí inú rírun dá dùbúlẹ̀ pé bí nǹkan oṣù ṣe ń ṣe gbogbo ayé nìyẹn.

Ohun tí adenomyosis jẹ́ ni pé irú awọ tó tẹ́ inú ilé ọmọ, tó máa ń bọ́ lóṣooṣù, ló wà nínú iṣan ilé ọmọ gan-an. Họ́mọ̀nù ń ta á jí níbẹ̀ náà, iṣan náà sì ń nípọn. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ fi ń ya.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi kọ̀wé ni àìsàn kejì, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ fún ọ. Awọ inú ilé ọmọ yẹn fúnra rẹ̀ lè máa wú lábẹ́nú fún ìgbà pípẹ́, láìsí ibà, nígbà mìíràn láìsí ìrora rárá. Endometritis tó ti di bárakú ni wọ́n ń pè é. Ìwádìí ti fi hàn pé ó wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní adenomyosis ju àwọn tí kò ní in lọ. Èwo ló fa èwo? Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn. Àwọn kan ní wíwú ọlọ́jọ́ pípẹ́ ló ń ba ààlà tó wà láàárín awọ àti iṣan jẹ́. Àwọn mìíràn ní adenomyosis ló ń sọ awọ náà di aláìlágbára.

Síkáàn tí o ṣe kò lè fi í hàn. Wọ́n ní láti gé díẹ̀ lára awọ náà, kí wọ́n fi àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní CD138 wá sẹ́ẹ̀lì plasma, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì ajàfára tó jẹ́ àmì wíwú yìí, nínú rẹ̀ lábẹ́ maikirosíkóòpù. Ó máa ń dunni díẹ̀, mi ò ní parọ́ fún ọ, àmọ́ kì í pẹ́.

Ìwọ tí o ń wá ọmọ, tí oyún sì ti bàjẹ́ lára rẹ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ọ̀rọ̀ yìí kàn ọ́ gan-an. Bí wọ́n bá rí i, oògùn apakòkòrò bíi doxycycline, tí wọ́n sábà máa ń lò fún ọ̀sẹ̀ méjì, lè wò ó sàn. Kò ní mú adenomyosis kúrò o! Ìyẹn ní ìtọ́jú tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú oògùn họ́mọ̀nù rẹ̀ kì í jẹ́ kí obìnrin lóyún nígbà tó bá ń lò ó. Nítorí náà, kí dókítà tó kọ ohunkóhun fún ọ, sọ fún un pé ọmọ lo ń wá. Má sì fúnra rẹ ra apakòkòrò kankan.

Bi í báyìí: “Ṣé a ti yẹ awọ náà wò fún endometritis?” Bó bá ní kò pọn dandan, ní kó ṣàlàyé ìdí. Bí o bá fẹ́ kí n bá ọ lọ, pè mí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ