Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ ní Plymouth

Mókọlá,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ 14, oṣù Kọkànlá.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́, bàbá wọn ńkọ́? Ẹ kú otútù o. Mo yà kí màmá rẹ lọ́jọ́ Àìkú. Orúnkún tó ń dùn wọ́n ti ń rọlẹ̀, wọ́n sì ní kí n sọ fún ọ pé oògùn tí o fi ránṣẹ́ ti tẹ àwọn lọ́wọ́.

Ohun tó mú mi jókòó kọ̀wé gan-an nìyí: mo ti rí ìwé wa! Ìwé tí a jọ kà ní kíláàsì kẹrin, tí ewé ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya dànù kó tó kàn wá. Ọmọkùnrin kan ló pàtẹ ìwé àlòkù sórí ọ̀rá ní Dùgbẹ̀, mo kàn rí "Jamaica Inn" tó yọjú lábẹ́ ìwé ìṣirò. Mi ò tilẹ̀ ráyè ná an. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ṣí wò, gbogbo ewé rẹ̀ pé.

Ṣé o rántí bí a ṣe ń pín in kà? Ìwọ á kà á lọ́sàn-án, èmi á gbà á lálẹ́, màá wà lábẹ́ aṣọ ìbora pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì tí bátìrì rẹ̀ ti ń kú lọ. Ọjọ́ tí a dé ibi tí ewé ti tán, o sunkún. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì la fi jiyàn bóyá ọwọ́ Jem, ọ̀dọ́mọkùnrin inú ìtàn náà, mọ́ tàbí kò mọ́. Ìwọ lo ní kò mọ́. Èmi ní ó mọ́, mi ò sì ní ẹ̀rí kankan ju pé mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tí a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, o bi mí pé kí ni mo ṣì ń wá nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ àti ẹ̀rù, ìfẹ́ àti ẹ̀rù, pé ṣé ẹ̀rù tó wà nílùú kò tó mi ni. Mi ò rí èsì fún ọ lọ́jọ́ náà. Mo ti rí i báyìí.

Nígbà tí wọ́n wá tọrọ ẹ̀gbọ́n mi, bàbá wa àgbà ló lọ ṣe ìwádìí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo kéré, ṣùgbọ́n ó ṣì wà lójú mi kedere. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n lò lọ́hùn-ún. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé, eruku bo bàtà wọn, wọ́n jókòó sórí àga wọn, wọn ò sọ nǹkan kan. Ìyá mi gbé omi fún wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń mu ún. Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìn kọ́tìnnì yàrá, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mò ń rí nísàlẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kan tẹ èkejì mọ́lẹ̀. Ó ti fẹ́ràn ọkùnrin náà tán. Bí bàbá bá ní wèrè ń bẹ nídìílé wọn, tàbí pé ọwọ́ wọn kò mọ́, ó parí nìyẹn. Bàbá gbé ife sílẹ̀, wọ́n nu ẹnu, wọ́n ní, "Ilé ire ni." Ẹsẹ̀ méjèèjì pòórá lẹ́yìn kọ́tìnnì.

Àbẹ̀kẹ́, ìwọ̀nba àkókò tí bàbá fi mu omi yẹn ni mò ń wá nínú àwọn ìwé yìí.

Àmọ́ obìnrin inú wọn kì í ní ẹni tí yóò bá a lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Wo Mary Yellan tiwa. Ọmọ ọdún 23, bàbá ti kú, ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ó wá di ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ Patience, ìyàwó Joss Merlyn tó ni ilé èrò láàárín pápá. Àǹtí tó mọ̀ sí arẹwà ti di ẹni tí ń gbọ̀n bí ọkọ bá ti gbójú sókè. Lóru, kẹ̀kẹ́ ẹrù á dé, wọ́n á máa já ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rí. Àwọn tó ń tan iná ẹ̀tàn létí òkun kí ọkọ̀ lè forí sọ àpáta ni! Inú ilé yìí ni Jem, àbúrò Joss, ti wọlé wá. Olè ẹṣin ni, kò sì fi bò. Ó ń pa Mary lẹ́rìn-ín.

Ibì kan wà tí mo kà lẹ́ẹ̀mẹta. Mary wo ọwọ́ Jem, ó sì rí i pé ọwọ́ Joss ni: ìrísí kan náà, agbára kan náà. Ti ẹ̀gbọ́n ń rí i lára, ti àbúrò ń fà á mọ́ra. Nígbà ọmọdé a fò ó kọjá, ibi tí wọ́n ti máa fẹnu kora là ń wá. Lọ́tẹ̀ yìí, mo pa ìwé dé mọ́ àyà, mo jókòó lójú kan. Ta ni kó bi? Ẹ̀rù kò ní jẹ́ kí àǹtí rẹ̀ fèsì. Ó lọ bá àlùfáà abúlé Altarnun, ìyẹn gba tirẹ̀ rò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè bá a sọ pé ilé ire ni. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe ìwádìí, ọkàn tó ti fẹ́ràn ọmọkùnrin náà tán ni yóò sì fi ṣe é.

Daphne du Maurier ló kọ ọ́, ọdún 1936 ló jáde. "Rebecca" tirẹ̀ tó jáde ní 1938 tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin tó ń sọ ìtàn kò lóbìí, a ò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó pàdé ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ní Monte Carlo, kò pẹ́ tí wọ́n fi ṣègbéyàwó. Nílé wa, kí wọ́n tó gba iṣu ìdána, wọn á ti béèrè: ti àkọ́kọ́ ńkọ́, kí ló pa á? Ìbéèrè yẹn nìkan ni gbogbo ìwé náà.

Mi ò sọ pé gbogbo wọn ló dáa o. Èyí tí ọkùnrin bá ti ń gbá obìnrin létí, tí òǹkọ̀wé ń pè é ní ìfẹ́, mo máa ń pa á dé, mi ò sì ń yá ẹnikẹ́ni.

Wàyí o, ìwọ tí o wà ní Plymouth! Odò Tamar nìkan ló wà láàárín yín àti Cornwall, níbi tí ìtàn Mary ti ṣẹlẹ̀. Ilé èrò náà wà níbẹ̀ títí dòní, ní Bolventor, láàárín Launceston àti Bodmin, wọ́n sì ń gba àlejò. Ní 1930, òǹkọ̀wé yìí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ gun ẹṣin lọ sórí pápá, wọ́n sọnù. Wọ́n dẹ ìjánu, àwọn ẹṣin ló mú wọn padà délé èrò. Mo fẹ́ kí o bá mi dúró síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan, kí o wo bí òkùnkùn ṣe ń ṣú lórí pápá yẹn.

Mo ti ka ewé ẹ̀yìn. Mo mọ ẹni tó jàre nínú àwa méjèèjì, mi ò sì ní kọ ọ́ síbí. Wá tìrẹ rà. Kí o tó ṣí orí tó kẹ́yìn, kọ orúkọ ẹni tí o fura sí sórí bébà, ya fọ́tò rẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Mò ń retí rẹ̀.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni,
Àdùkẹ́ rẹ.