Ẹ fi idẹ ya akéwì wa

Sí Olóòtú,

Ère idẹ Friedrich Schiller, akéwì ọmọ Jámánì, ti wà ní Lincoln Park ní Chicago láti ọdún 1886. Ìjọba kọ́ ló gbé e síbẹ̀ o. Àwọn ọmọ Jámánì tó ṣí lọ síbẹ̀ ló dáwó, wọ́n fi ta ìlú tó gbà wọ́n lọ́rẹ. Schiller fúnra rẹ̀ kò sì fẹsẹ̀ tẹ Amẹ́ríkà rí.

Chicago yìí náà ni òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ wà, nínú mùsíọ́mù: ọba jókòó, ẹyẹ bà lé adé rẹ̀, olorì dúró gbagidi lẹ́yìn rẹ̀, ó ga ju ọba lọ. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bùn àwa tí a wà láàyè.

Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì òkè òkun, a ń rí ẹgbẹ́jọdá yín lórí Facebook. Aṣọ náà dáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwó ya ère Níyì Ọ̀ṣúndáre, akéwì ọmọ Ìkẹ́rẹ́, fún ìlú tí ẹ ń gbé, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Idẹ ni mo wí, kì í ṣe símẹ́ǹtì tí wọ́n kùn ní ọ̀dà wúrà.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín kan,
Adó-Èkìtì.