Amọ̀ ojú àti iyọ̀ ara: ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti wà á

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Amọ̀ àti iyọ̀ ìtọ́jú awọ ti gba ìgboro Àbújá kan báyìí, láti Wuse dé Gwarinpa, títí wọ Kubwa àti Nyanya. Kódà àwọn tó ń ṣe dilka, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń ha ara ìyàwó kí awọ rẹ̀ lè dán, bí ìṣe Hausa àti Kanuri, ti ń po amọ̀ mọ́ ọn. Ìdí iṣẹ́ yìí ni àwa tó kọ lẹ́tà yìí wà, a sì gbà pé ó dára. Ohun tó ń dùn wá ni pé ẹni tó ń tà kì í sọ ibi tí ọjà rẹ̀ ti wá, ẹni tó ń rà kì í sì í béèrè.

Kán-ún ni ká kọ́kọ́ mú. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà ní "iyọ̀ àdánidá Òkè Ọya" kì í ṣe iyọ̀. Kán-ún ni, tí Hausa ń pè ní kanwa, tí wọ́n ń kó wá láti agbègbè Adágún Chad. A mọ iṣẹ́ rẹ̀ nínú ẹ̀wà àti ọbẹ̀ ilá, ṣùgbọ́n kò ní iṣẹ́ rere kankan lára awọ. Awọ èèyàn kan díẹ̀: pH rẹ̀, òdiwọ̀n bí nǹkan ṣe kan tó, kì í jìnnà sí 5, bẹ́ẹ̀ omi lásán jẹ́ 7. Omi kán-ún máa ń tó 10. Á bó ọ̀rá tó ń dá omi ara dúró kúrò, awọ á wá máa fà, á máa ta, á sì là. Ẹni tó bá tún fi ọṣẹ dúdú ṣan án, ọṣẹ tí òun náà jẹ́ ọmọ eérú, ó da epo síná nìyẹn. Ìdánwò rẹ̀ kò le: ẹ bu díẹ̀ sínú abọ́, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí. Bó bá hó, tó yọ ìfófò, kán-ún ni. Iyọ̀ kì í hó.

Iyọ̀ gidi wà nítòsí wa. Ní Keana àti Awe, ìpínlẹ̀ Nasarawa, ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é látinú omi ìsun oníyọ̀. Ó dára fún fífi ha ara, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ Òkun Iyọ̀ inú Bíbélì (Dead Sea), èyí tó wà láàárín Jordan àti Ísírẹ́lì, tà á. Tọ̀hún yàtọ̀. Nínú ìwọ̀n 100 omi rẹ̀, nǹkan bí 34 ni iyọ̀, bẹ́ẹ̀ òkun lásán kò ju 3.5 lọ, magnesium chloride, tó yàtọ̀ sí iyọ̀ ọbẹ̀, ló sì kó nǹkan bí ìdajì iyọ̀ náà. Magnesium yìí ló jẹ́ kó korò, òun náà ló ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ẹ bu iyọ̀ náà sínú àwo pẹrẹsẹ láìdé e lóṣù Keje: bó bá di ọjọ́ kejì tó ṣì gbẹ fúrúfúrú, iyọ̀ ọbẹ̀ ni wọ́n tà fún yín. Ẹ má ṣe ìdánwò yìí nígbà ọyẹ́ o, nítorí afẹ́fẹ́ ìgbà náà kò ní omi tó lè fà.

Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Jámánì, tí wọ́n gbé jáde ní 2005, fi hàn pé rírẹ apá gbígbẹ sínú omi tí iyọ̀ Òkun Iyọ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100, fún ìṣẹ́jú 15, máa ń mú kí awọ lè dá omi dúró dáadáa. Ìdá 5 ni gíráàmù 50 sínú lítà omi kan, ìyẹn gíráàmù 250 sínú ọpọ́n lítà 5. Ẹ̀kúnwọ́ kan nínú bókẹ́ẹ̀tì, bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe, kò dé ibì kankan. Kí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ ṣan ara lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì fi òrí pa á kí ara tó gbẹ. Ẹni tó ní ọgbẹ́, tàbí alátọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú tipiri, kò gbọdọ̀ dán an wò.

Ní ti amọ̀ dúdú tí wọ́n ní Òkun Iyọ̀ náà ló ti wá, irin àti imí ọjọ́ tó para pọ̀ ló sọ ọ́ di dúdú. Bó bá gbẹ nínú afẹ́fẹ́, á di àwọ̀ eérú. Èyí tó bá gbẹ tán tó ṣì dúdú bí èédú, èédú ló ṣeé ṣe kó wà nínú rẹ̀.

Amọ̀ funfun, ẹfun tí wọ́n ń pè ní kaolin, pọ̀ ní Kankara ní Katsina àti ní Alkaleri ní Bauchi. Fífọ̀ rẹ̀ ni iṣẹ́. Ẹ rẹ amọ̀ kọ́ńgò kan sínú omi kọ́ńgò márùn-ún mọ́jú. Ẹ rò ó, ẹ dúró ìṣẹ́jú méjì kí yanrìn rọlẹ̀, kí ẹ wá ṣẹ́ omi funfun orí rẹ̀ sínú bókẹ́ẹ̀tì mìíràn láìjẹ́ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá a lọ. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bó bá tòrò tán, ẹ da omi kúrò, ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, ẹ sá a sínú ilé nítorí eruku ọyẹ́, kí ẹ gún un kí ẹ sì fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jọ̀ ọ́. Ìṣẹ́jú méjì yẹn ni ọ̀pọ̀ kì í ní sùúrù fún. Yanrìn tó kù á ha ojú, ojú á pọ́n, wọ́n á ní amọ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi ìka rin ín mọ́ gíláàsì: bó bá ń dún, ẹ padà sídìí fífọ̀.

Fífọ̀ kì í mú òjé (lead), irin olóró tó lè wà nínú amọ̀, kúrò, iná kì í sì í jó o dànù. Ní 2010, òjé inú iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ń wa góòlù nínú rẹ̀ pa ọmọdé tó lé ní 400 ní Zamfara. Ní 2016, àjọ FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, kìlọ̀ nípa àwọn amọ̀ bentonite kan nítorí òjé kan náà. Òjé kì í sábà gba ara tó dá ṣáṣá wọlé; ẹnu ló ń gbà, láti ọwọ́ tí a kò fọ̀, láti ojú ìyá tí ọmọ ń lá, àti lọ́dọ̀ aláboyún tó ń jẹ ẹfun. Kí ẹnikẹ́ni má wa amọ̀ nítòsí ibi tí wọ́n ti ń wa kùsà. Kí ẹ má sì fi amọ̀ tútù inú ilẹ̀ kan ojú egbò, nítorí tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ po ṣíbí ìjẹun méjì mọ́ ṣíbí omi kan àbọ̀, ẹ fi oyin díẹ̀ sí i nígbà ọyẹ́. Ẹ fi pa ojú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ, etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ẹ ṣan án nígbà náà. Dídúró títí á fi sán ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù, torí amọ̀ tó ti gbẹ, omi awọ ló kù tó ń fà. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i: oòrùn á jó ojú, ojúu rẹ̀ á sì dúdú fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹ da èyí tó ṣẹ́kù nù, nítorí amọ̀ tútù tètè ń hu.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn tó ń tà á ni pé kí wọ́n kọ irú amọ̀ náà, ìlú tí wọ́n ti wà á, ọjọ́ tí wọ́n dì í àti èsì àyẹ̀wò òjé rẹ̀ sára ọ̀rá. Olóòtú, ẹ bá wa bi àwọn tó ń mú ìpolówó rẹ̀ wá sínú ìwé ìròyìn yín ní ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Àwa olùtọ́jú awọ kan,
Kubwa, Àbújá.